Ọjọ́ méjì ní Ìbàdàn pẹ̀lú màmá àgbà àti ọmọ: níbo la ti máa jẹun?

Ìyá Tọ́míwá:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi, màmá mi àti ọmọ mi obìnrin fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìbàdàn ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àárọ̀ Sátidé la máa gbéra ní Èbúté Mẹ́tà, ọ̀sán Sọ́ńdè la máa padà. Òtẹ́ẹ̀lì tí a gbà wà ní Bódìjà, oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni wọ́n sì máa fún wa.

Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ata kì í sì í bá wọn lára mu mọ́. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Ìbàdàn, àmàlà ni wọ́n ń sọ. Ọmọ mi ní tiẹ̀ ti kó àwòrán káfè jọ sórí fóònù: ó fẹ́ kọfí oníyìnyín, ó fẹ́ kéèkì, ó fẹ́ ibi tí ògiri rẹ̀ dára fún fọ́tò. Mo fẹ́ kí inú àwọn méjèèjì dùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má to orúkọ ilé oúnjẹ ogún fún mi. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe bó bá jẹ́ ìyá yín lẹ mú dání.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, mà. Mọ́kọ́lá ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń ká mi lára gan-an. Mo ń rí àwọn ará Èkó tí wọ́n ń wá àmàlà Ìbàdàn kiri ní aago méje alẹ́, tí wọ́n á wá padà sílé lọ sọ pé kò yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ àwọn. Mà, aago ni kí ẹ fi yan ibi tẹ́ ẹ ti máa jẹun ní Ìbàdàn, ẹ má fi orúkọ yàn án. Ibì kan náà tó gbayì lọ́sàn-án lè já yín kulẹ̀ lálẹ́.

Ẹ wo gbẹ̀gìrì. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n sè títí tó fi yọ́ ni. Bí ooru bá ti mú un láti àárọ̀, kíkan ló kàn. Ewédú tí wọ́n fi ìjábẹ̀ ja lówùúrọ̀ á ti ya omi tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò ní yọ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Àmàlà tó pẹ́ nínú kúlà á làágùn, á wá máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ni ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń pàdé ara wọn bó ṣe yẹ, torí pé bí wọ́n ṣe ń rò ó ni wọ́n ń tà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, ẹ gba ọ̀nà Ọjọ́ọ̀ àti Yunifásítì bọ̀ sí Bódìjà, ẹ já ẹrù yín sí òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì jáde lọ jẹun lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sùn kẹ́ ẹ tó jáde o. Àmàlà Skye wà ní Bódìjà níbẹ̀, òkìkí tó ní sì tọ́ sí i, àmọ́ èrò máa ń pọ̀ ní Sátidé. Ẹ jẹ́ kí màmá jókòó, kí ọmọ yín tò.

Ẹ kọ́kọ́ dúró wo olóúnjẹ bó ṣe ń ṣe é. Á ri àwo kékeré bọ omi kí àmàlà má baà lẹ̀ mọ́ ọn, á gbá a wọ inú ìkòkò, á sì dà á dé sínú àwo yín. Bí òkìtì yẹn bá ń dán, tí ooru ń yọ lára rẹ̀, tó sì rọra tẹ́ díẹ̀ bó ṣe balẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná dé nìyẹn. Ẹran wà lọ́tọ̀: ọgúnfe, ṣàkì, ẹ̀dọ̀, pọ̀nmọ́, róńdo. Ẹ nawọ́ sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì béèrè iye rẹ̀ kó tó wọ inú ọbẹ̀. Fún màmá, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí gbẹ̀gìrì àti ewédú pọ̀, kí wọ́n kàn fi ọbẹ̀ ata kan orí rẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni àwọn àgbàlagbà ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Tí wọ́n bá ní wàrà, ẹ gbà á fún màmá dípò ẹran. Wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n fi omi ewé bọmubọmu mú dì ni mò ń wí. Ó rọ̀, eyín àgbà kò ní jà fún un.

Káfè? Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Àmàlà ti fara balẹ̀ nínú yín nígbà yẹn, oòrùn ṣì mú níta, ẹ̀rọ amúlétutù á wúlò. Bó bá wá di alẹ́ tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ nǹkan panu, Sábo ti Ìbàdàn kò jìnnà sí wa ní Mọ́kọ́lá. Súyà tó ń jáde láti orí iná níbẹ̀ lálẹ́ kò lẹ́gbẹ́. Kí wọ́n má ṣáà bu yájì sí ti màmá.

Ayàwòrán Jẹ́ríkò:

Ọ̀rọ̀ aago yẹn, mo fara mọ́ ọn. Èmi ni mo máa sọ ti káfè, torí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bódìjà, Jẹ́ríkò àti Ring Road ni wọ́n pọ̀ sí. Kí ẹ tó gbéra, ẹ pè wọ́n kí ẹ béèrè bóyá àtẹ̀gùn wà, torí orúnkún màmá: àwọn mìíràn wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fọ́tò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í sì í fi ìyẹn hàn.

Ẹ fara balẹ̀ ka ìwé iye owó. Ní káfè kan tí mi ò ní dárúkọ, iye tí wọ́n kọ sí orí kọfí yàtọ̀ sí iye tí wọ́n kọ sínú rìsíìtì mi, ọmọ tó gbé e wá sì ní owó ti lé, ìwé ni wọn ò tíì tún tẹ̀. Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, ìyẹn òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti sọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba iye tó ju èyí tí wọ́n kọ síta lọ lọ́wọ́ oníbàárà. Ọ̀gá náà dín in kù. VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ní tiẹ̀ jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó bóyá ó ti wà nínú iye tẹ́ ẹ rí, àti bóyá wọ́n tún ń gba owó iṣẹ́ lé e. Fún èèyàn mẹ́ta, ó lè tó owó takisí Micra lọ sí òtẹ́ẹ̀lì.

Ìyá Tọ́míwá:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ mi ti gbà pé aago mẹ́rin ni tòun. Màmá ń béèrè bóyá àwọn tún lè jẹ àmàlà ní Sọ́ńdè kí ọkọ̀ tó gbéra?

Ará Mọ́níyà:

Ẹ bá wa kí màmá, mà. Ẹ má gbé ọkàn lé Sọ́ńdè. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ló máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó sì ṣí, ó lè di ọ̀sán kí oúnjẹ wọn tó jinná. Ọ̀nà Ọjọ́ọ̀ sí Mọ́níyà náà kò ṣeé fọkàn tán, ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹun àárọ̀ òtẹ́ẹ̀lì yó, kí ẹ sì tètè jáde.

Ohun tí mo máa ṣe ní tèmi ni pé bí a bá ti jẹ àmàlà tán ní Sátidé, màá yà sí ọjà Bódìjà lọ ra èlùbọ́ iṣu fún màmá. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá tí ẹ ò lè fọwọ́ kàn. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka pa á: kó kúnná, kó má ní yanrìn, kó má sì rùn bí ohun tí òjò pa. Kí wọ́n dì í ní ọ̀rá méjì, torí ó máa ń tú sínú báàgì.