Ẹ gbà mí, fáìlì log yìí fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́

Ọmọ Kábà: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ibi tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Kábà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi ní owó tó wọlé ní oṣù kẹwàá kò pé. Kò pè mí sí kọ̀rọ̀ o, ojú oníbàárà ló ti sọ ọ́, tí màmá tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì sì ń wò mí tìfura-tìfura. Ó ní kí n yọ àkọsílẹ̀ 05/10 sí 20/10 jáde nínú fáìlì log, ìyẹn fáìlì tí kọ̀ǹpútà ń kọ iṣẹ́ tó bá wọlé sí, kó tó di Mọ́ńdè. Mo kọ script kan, ìyẹn kóòdù kékeré ní èdè Python, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń gbé jáde. Ariwo ẹ̀rọ ìlọta ẹ̀gbẹ́ wa ò sì jẹ́ kí n ronú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Ìyàrà: Àbúrò, o ti ròyìn ọ̀gá, o ròyìn màmá, o ròyìn ata. Kóòdù dà? A ò kí ń ṣe babaláwo.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà: Ẹ rọra bá a wí. Ọ̀gá tèmi nígbà kan yọ owó lára owó oṣù mi nítorí rísíìtì tí eku jẹ! Dà á sínú Excel, ọmọ mi, kí o tò ó.

Ọmọ Kábà: Mà, ìlà rẹ̀ lé ní 40,000, kọ̀ǹpútà wa á kàn dákú ni. Kóòdù nìyí:

for line in open("log.txt"):
    ojo = line.split()[0]
    if "05/10/2024" <= ojo <= "20/10/2024":
        print(line)

Ó ń kó 12/03/2024 mọ́ ọn!

Ẹ̀gbọ́n Ìyàrà: Ẹ̀n-ẹ́n. Python ò mọ̀ pé ọjọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí, láti apá òsì ló sì ti ń wò ó, bí ẹni ń to orúkọ sínú rẹ́jísítà. 12 bọ́ sáàárín 05 àti 20, ó tán, kò dé ibi oṣù rárá. Kọ from datetime import datetime sókè, kí o fi datetime.strptime(ojo, "%d/%m/%Y") sọ ọ́ di ọjọ́ gidi. Ṣe bákan náà fún ọjọ́ méjèèjì tó ṣe ààlà.

Jagun Ẹ̀gbẹ̀: Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Lo àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì: grep "/10/2024" log.txt. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Ìyàrà: Gbogbo oṣù kẹwàá nìyẹn á kó wá. Ṣé o tiẹ̀ ka ìbéèrè?

Jagun Ẹ̀gbẹ̀: Mo kà á. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn àlàyé.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà: Excel náà ń ṣe é o.

Ọmọ Kábà: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, oṣù kẹta ti lọ. Àmọ́ 14 sí 17 ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn la tẹ project àwọn akẹ́kọ̀ọ́! Àbí torí pé kọ̀ǹpútà máa ń kọ 01/01/2009 tí iná bá lọ tó dé ni? Mo máa ń fọwọ́ yí i padà tí mo bá rántí.

Ẹ̀gbọ́n Ìyàrà: Háà! Ohun tí o fi pamọ́ láti àárọ̀ nìyí? Bátìrì róbótó bíi kọ́bọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ló ti kú. CR2032 ni wọ́n ń pè é, lọ ra òmíràn. Òun ló ń bá a rántí ọjọ́ tí iná ò bá sí. Script rẹ ò lè mọ̀ pé irọ́ ni ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ṣe ń wọlé ni ìlà ń tò tẹ̀lé ara wọn. Ṣí fáìlì náà, wo àárín ìlà tó kẹ́yìn ṣáájú 14/10 àti ìlà 18/10 àkọ́kọ́.

Ọmọ Kábà: Wọ́n wà níbẹ̀! Ìlà 63 ni wọ́n, 2009 ló wà lára gbogbo wọn! Mo ń tẹ̀ wọ́n jáde báyìí kí iná tó lọ.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà: Kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà ná.