Ìmọ̀ràn: iṣẹ́ wo ni akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ṣe mọ́ ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta?

Ìyá Dàmọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, ó ti wọ ọdún kejì. Bàbá wa ti lọ, èrè orí àtẹ mi ní Kútọ̀ kò sì ká owó ilé ẹ̀kọ́ àti oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ó ń wá iṣẹ́ tí kò ní pa ìwé rẹ̀ lára. Kí lẹ rí sí i? Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ kú ìdúróti. Kó kọ́kọ́ bèèrè ní Student Affairs bóyá wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ ní sáà yìí, yálà ní láìbúrárì tàbí lóko. Ní Amẹ́ríkà, láti 1964 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gbé owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún ọmọ tí kò rí jájẹ. Níbí, ẹni tó bá tètè bèèrè ló ń rí i gbà.

Bọ̀dá Aṣẹ́rò: Ìyá Dàmọ́lá, ṣé ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́? 2024 ni òfin rẹ̀ jáde, kò sì ní èlé. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́. ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà ń wọ àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kó tó máa san án padà, ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Kó tọ́jú nọ́ńbà JAMB, NIN àti BVN, kí orúkọ inú wọn bára mu. Bí owó ilé ẹ̀kọ́ bá ti kúrò lọ́rùn yín, iṣẹ́ kékeré á tó o.

Alárò Ìtòkú: Ẹ jẹ́ kó wá kọ́ àdìrẹ oníko, aṣọ tí a ń fi ìko so kó tó wọ aró. A máa ń fún èèyàn láṣọ gbé lọ sílé, a ó sì san owó lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ó lè máa so ó lálẹ́ tó bá kàwé tán. Ìdè náà gbọ́dọ̀ le dáadáa: bó bá dẹ̀, aró á wọ ibi tó yẹ kó funfun, aṣọ bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà kó kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kó sì fẹnu kò lórí owó kó tó gbé aṣọ kúrò nísọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òjẹ̀rè: Ẹ̀gbọ́n, kíkọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ àfikún ni mo fi ń gbọ́ bùkátà tèmi: ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ JSS ní Sátidé. Kó wá a sí ìtòsí Camp tàbí Ọ̀bàntokò, torí owó ọkọ̀ dé ìgboro lè jẹ gbogbo èrè. Iṣẹ́ POS, mi ò gbà á níyànjú. Bí owó bá dín, lára owó ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tó bá sì ní kó san owó fọ́ọ̀mù kó tó ríṣẹ́, kó sá fún un.

Ìyá Dàmọ́lá: Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ ò ní rí àánú tì. Bọ̀dá, orúkọ inú NIN rẹ̀ àti ti BVN kò bára mu.

Bọ̀dá Aṣẹ́rò: Èyí tó bá ti JAMB mu ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún ìkejì ṣe. BVN, báńkì rẹ̀. NIN, ọ̀dọ̀ NIMC. Kó mú ìwé ọjọ́ ìbí dání. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù Mọ́ńdè.