Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ni ikọ́ fée ń dà láàmú: kí ni ìwádìí sọ?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Àwọn ìbejì mi, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ti pé ọmọ ọdún méje. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, síbẹ̀ Táíwò nìkan ni ikọ́ fée ń bá jà. Lóru ọjọ́ Àìkú, nínú ọyẹ́ yìí, fée, fée ni mo jí gbọ́. Nígbà tí mo tan iná, mo bá a tó jókòó, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, tí ọ̀fun rẹ̀ ń jìn wọlé bó ṣe ń mí. Dókítà ti fún un ní òògùn fífà méjì: aláwọ̀ búlúù fún ìgbà tí èémí bá há, àti èkejì tí yóò máa fà lójoojúmọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n dá ti ojoojúmọ́ dúró bí ara ọmọ bá ti yá, kó má baà di bárakú, nítorí pé ikọ́ náà yóò kúrò bó bá bàlágà. N kò fẹ́ tàpá sí ọ̀rọ̀ Màmá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀: kí ló dé tó fi mú ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀? Ṣé lóòótọ́ ló máa ń kúrò?

Ìyá Wálé, olùtọ́jú aláìsàn, Kétu: Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Ìbejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ti fi ìbejì wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbejì tako-tabo kò jọra nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí ọmọ ìyá méjì mìíràn lọ. Àwọn tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde ni àrùn yìí sábà máa ń mú pa pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà náà ni, torí náà àjogúnbá nìkan kọ́ ló ń fà á. Ní ọdún 2007, wọ́n rí ibì kan lórí kúrómósóòmù kẹtàdínlógún (kúrómósóòmù ni okùn tín-ín-rín inú ara tó ń gbé àjogúnbá) tó so mọ́ ikọ́ fée ọmọdé. Èéfín sìgá àti ti igi ìdáná wà lára ohun tó ń kún un, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀fìnkìn tó ń mú kí àyà ọmọ ọwọ́ máa fée. Ta ni ọ̀fìnkìn fìyà jẹ jù nínú wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń mu ọmú?

Ìyá Ìbejì: Táíwò ni. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà tí àyà rẹ̀ dá wa dúró sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́rin.

Bàbá Àlàbá, Ṣábẹ̀ẹ́: Ìyá wa, tèmi lọ nígbà tí mo pé ọdún 15. Mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá, mo kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, nígbà tí mo sì di ẹni ọdún 31, eruku pákó gbé e padà wá bá mi. Ní Dunedin ní New Zealand, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ tí a bí ní 1972 sí 1973 títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún 26; ó lé ní ọ̀kan nínú mẹ́rin tí àyà wọn kò yé fée láti kékeré, tàbí tó ti lọ tó tún padà dé. Màmá kò purọ́, ó máa ń fi ọ̀pọ̀ ọmọdé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ti lọ pátápátá.

Ìyá Wálé: Ní ti òògùn, ìgbà tí èémí há nìkan kọ́ ni àrùn náà wà lára ọmọ. Ògiri ọ̀nà èémí lè máa wú lọ́jọ́ tó ń sáré kiri pàápàá, bí ó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè nípọn, kí ọ̀nà náà má sì là tán mọ́. Aláwọ̀ búlúù ń tú iṣan tó fún ọ̀nà náà ni. Ti ojoojúmọ́ ló ń mú wíwú rọlẹ̀, kì í sì í di bárakú. N kò ní tàn yín o: ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, nínú èyí tí wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún méjì àti mẹ́ta ní irú òògùn yìí fún ọdún méjì. Ara wọn balẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fà á, ṣùgbọ́n àǹfààní náà kò dúró lẹ́yìn tí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ń ká àrùn náà lọ́wọ́ kò, kò fà á tu. Ẹ má dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ sì máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Bí aláwọ̀ búlúù kò bá tú èémí rẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni a máa padà lọ rí dókítà, Màmá sì ti gbà láti bá wa lọ. Abẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ ni àdògán wa wà tẹ́lẹ̀. Mo ti gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ àgbàlá láàárọ̀ yìí.