Àbọ̀ lórí ẹja tó ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, àbọ̀ rèé o. Ẹ rántí pé mo kígbe níjọ́sí pé bí mo bá ju ìdẹ oníyẹ̀ẹ́ (ìdẹ àtọwọ́dá tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe) sétí òkun, ẹja á gbé e, á sì bọ́ kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀ ni mo ń bú nígbà yẹn.

Ìwọ̀ ò jẹ̀bi, ọwọ́ mi ni. Odò ni mo ti kọ́ ẹja pípa, níbi tí a ti máa ń gbé ọ̀pá sókè bí ẹja bá ti fẹnu kàn án. Òkun ò gba ìyẹn. Ẹnu ọ̀pọ̀ ẹja ibẹ̀ le, ọ̀pá tó bá tẹ̀ kì í jẹ́ kí ìwọ̀ wọlé. Á tún já ìdẹ gbà níwájú ẹja tí kò tíì gbé e dáadáa. Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ní kí n kọjú ẹnu ọ̀pá sí ẹja gbọnrangandan, kí n fi ọwọ́ òsì fa okùn títí á fi le. Lánàá, mẹ́rin gbé e, mẹ́ta dọ́wọ́ mi. Ẹ̀kẹrin fi òkúta gé okùn. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ mi!

Mo tún bèèrè níjọ́ náà nípa kẹ̀kẹ́ okùn, ìyẹn èyí tí à ń ká okùn ìpẹja sí lára ọ̀pá, pé ó ń há. Ìyẹn ńkọ́? Iyọ̀ ló gbẹ sínú rẹ̀. Mo tú u, ó funfun bí ẹfun. Omi tí kò níyọ̀ ni mo fi ń ṣàn án báyìí bí mo bá ti dé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni o, torí omi tó bá ń tú jáde tagbáratagbára lè ti iyọ̀ wọ inú lọ.

Mo ti pa ìbéèrè mi dé.