Àbọ̀ lórí ilé abẹ́ igi: a ti rà á

Ẹ rántí pé mo bèèrè bóyá ká ra ilé kan ní àdúgbò onígi tó dà bí abúlé létí ìlú, tí igi ńlá dúró sún mọ́ ògiri ẹ̀yìn ẹ̀. A ti rà á o, ẹ ṣé gan-an.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni ká ní kí wọ́n ti kámẹ́rà bọ páìpù ìdọ̀tí, torí gbòǹgbò igi máa ń wá omi kiri, tí oríkèé páìpù bá ti lè sán pẹ́nrẹ́n ó ti wọlé nìyẹn. Òótọ́ sì ni, gbòǹgbò ti kún inú ẹ̀, ẹni tó ń tà á wá yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tó pè. Ògiri ò ní nǹkan kan, ẹnjiníà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ká gé igi náà ò ṣeé ṣe: òfin dáàbò bo igi àdúgbò yẹn, ẹ̀ka gan-an a máa gbàṣẹ ká tó gé e. Inú mi tiẹ̀ dùn, torí igi yẹn la ṣe fẹ́ràn ibẹ̀. Lílọ wo ibẹ̀ lálẹ́ náà ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́, àmọ́ bọ́ọ̀sì kì í wá mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú, ìyẹn la ò tíì rí ojútùú sí.