Wọ́n ní kí n wá wọ ìgbìmọ̀ olóòtú jọ́nà kan tó wà fún gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀: kí ló yẹ kí n béèrè?

Olùkọ́ Ilẹ̀-Oko

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ oko àti ajílẹ̀ sì ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láìpẹ́ yìí ni jọ́nà kan kọ ìmeèlì sí mi pé kí n wá di ọmọ ìgbìmọ̀ olóòtú àwọn fún ọdún méjì. Jọ́nà náà pe ara rẹ̀ ní ti gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀: ìṣègùn wà níbẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, òfin, ìtàn, ètò ọrọ̀-ajé àti iṣẹ́ àgbẹ̀ kò sì gbẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ti ka àwọn iṣẹ́ mi, wọ́n sì dára lójú àwọn. Wọn kò sọ iye àpilẹ̀kọ tí n óò máa bójú tó. Àwòrán mi àti àkọsílẹ̀ ìtàn iṣẹ́ mi ni wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́, kí n sì máa rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti fi àpilẹ̀kọ wọn ránṣẹ́ síbẹ̀, àti pé àwọn yóò bá mi dín owó ìtẹ̀jáde kù bí èmi náà bá fẹ́ tẹ àpilẹ̀kọ jáde lọ́dọ̀ àwọn.

N kò ní purọ́ pé ipò náà kò wù mí, torí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé, wọ́n máa ń béèrè iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fún àwùjọ àwọn onímọ̀ lẹ́yìn òde yunifásítì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń kọ mí lóminú. Kí gan-an ni iṣẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ nínú irú jọ́nà bẹ́ẹ̀? Ṣé bí jọ́nà ṣe gba gbogbo ẹ̀ka mọ́ra yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe àmì pé kò sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò níbẹ̀?

Alàgbà Olóòtú

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ló ń ka ìgbìmọ̀ olóòtú sí oyè, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni, ó sì máa ń gba alẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ní jọ́nà tó bá ń ṣe ohun tó yẹ, ọ̀dọ̀ olóòtú àgbà ni àpilẹ̀kọ máa ń kọ́kọ́ dé. Òun ni yóò wò ó bóyá ó bá ohun tí jọ́nà náà ń tẹ̀ mu, bóyá wọn kò jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, àti bóyá ìwé àṣẹ wà fún ìwádìí tó bá kan èèyàn tàbí ẹranko. Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ kì í kọjá ibẹ̀. Èyí tó bá kọjá ni wọ́n máa gbé lé ọmọ ìgbìmọ̀ tó mọ̀ nípa ẹ̀ka náà lọ́wọ́, ọmọ ìgbìmọ̀ yìí ni yóò sì wá aṣàyẹ̀wò méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn àwọn onímọ̀ ẹ̀ka náà tí yóò ka iṣẹ́ náà, tí wọ́n á sì sọ bó ṣe rí lójú wọn. Ibi tí iṣẹ́ ti le jù nìyẹn. Àwọn tí ẹ bá kọ̀wé sí lè kọ̀, àwọn mìíràn kò ní dáhùn rárá, ẹni tó sì gbà lè pẹ́ títí kó tó fi àbọ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí àbọ̀ méjèèjì bá dé tí ọ̀kan ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí èkejì ní kí wọ́n dà á nù, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ni ẹ óò ka iṣẹ́ náà fúnra yín, tí ẹ óò sì dá ẹjọ́ tí orúkọ yín lè dúró lé lórí. Ìmeèlì tí wọ́n fi pè yín kò sọ ọ̀kan nínú gbogbo èyí. Kí àwọn tó ń pe èèyàn síbi iṣẹ́ má sọ iye iṣẹ́ náà kò dára tó.

Àpẹẹrẹ kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pè mọ̀. Ní 2015, Piotr Sorokowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Pólàǹdì dá orúkọ obìnrin kan tí kò sí láyé rí, wọ́n pè é ní Anna O. Szust. Wọ́n kọ ìtàn iṣẹ́ ayédèrú fún un, nínú èyí tí kò sí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tó jáde nínú jọ́nà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé sí jọ́nà 360 pé ó ń wá ipò olóòtú. 120 wá láti inú Journal Citation Reports, àkójọ tó ń ka iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí iṣẹ́ inú jọ́nà kọ̀ọ̀kan, 120 láti inú DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 120 tó kù sì wá láti inú àkójọ àwọn jọ́nà tí Jeffrey Beall, olùtọ́jú ilé-ìkàwé kan ní Colorado, fura sí pé oníjìbìtì ni wọ́n. Jọ́nà 48 ló gbà á. 40 nínú wọn wá láti inú àkójọ Beall, 8 wá láti inú DOAJ, kò sì sí ìkankan láti inú 120 àkọ́kọ́. Àwọn kan tilẹ̀ sọ ọ́ di olóòtú àgbà lójú ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó kàn sí yunifásítì tó ní òun ti ń ṣiṣẹ́. Ìròyìn náà jáde nínú jọ́nà Nature ní 2017.

Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá pè yín láìbi yín léèrè nípa bí ẹ ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò, tí kò sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ kò lè bójú tó, àwòrán yín ló fẹ́ lẹ̀ mọ́ ojúewé rẹ̀. Bí wọ́n bá tún wá ní kí ẹ máa kó àpilẹ̀kọ wá, a jẹ́ pé ẹ ti di alágbàtà.

Ọmọ Ìbàdàn ní London

Mo fara mọ́ ohun tí Alàgbà sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì, torí pé jọ́nà tó gba ẹ̀ka púpọ̀ ni èmi náà ń bá ṣiṣẹ́. Kí jọ́nà gbòòrò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nature ti wà láti 1869, Science láti 1880, àwọn méjèèjì kò sì so ara wọn mọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo. PLOS ONE tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2006 tún gbòòrò jù wọ́n lọ. Kì í béèrè bóyá àbájáde ìwádìí jẹ́ ohun àrà tí ayé kò gbọ́ rí, bóyá ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yè kooro ló ń béèrè. Ní 2013 nìkan, ó tẹ àpilẹ̀kọ tó lé ní 30,000. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìgbìmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti èèyàn ogún tó jókòó yí tábìlì ká. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olóòtú ni, tí kálukú ń bójú tó ìwọ̀nba tó wà nínú ẹ̀ka tirẹ̀.

Ọdún kan náà ni akọ̀ròyìn John Bohannon gbé ìdánwò kan jáde nínú Science. Ó kọ àpilẹ̀kọ ayédèrú nípa èròjà kan tó ní ó lè dá àrùn jẹjẹrẹ dúró, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe tó hàn gbangba sínú rẹ̀, ó sì fi orúkọ tó dún bí ti ọmọ Áfíríkà àti ilé ìwádìí tí kò sí níbì kankan sí i. (Ìdí tó fi jẹ́ orúkọ tiwa ni ayédèrú ń rọrùn láti rù, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.) Ó fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà 304, 157 sì ní àwọn yóò tẹ̀ ẹ́. PLOS ONE kọ̀ ọ́, òun nìkan ló sì pe àkíyèsí sí ìbéèrè nípa bí wọ́n ṣe lo ẹranko nínú ìwádìí náà. Ẹ ò rí i pé jọ́nà tó gbòòrò jù ló wo iṣẹ́ náà fínnífínní.

Ibi tí gbígbòòrò ti ń di ewu ni ìgbà tí àpilẹ̀kọ bá pọ̀ ju àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ lọ. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ Clarivate yọ jọ́nà International Journal of Environmental Research and Public Health kúrò nínú Web of Science, àkójọ àwọn jọ́nà tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, nítorí pé ohun tó ń tẹ̀ kò bá ohun tó ní òun wà fún mu mọ́. Ọdún yẹn náà ni ọ̀rọ̀ Hindawi, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà, bú jáde. Ìlú Cairo ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1997, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Wiley sì rà á ní 2021. Àkànṣe ìdìpọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kókó kan pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, olóòtú àlejò, ìyẹn ẹni tí wọ́n pè wá láti ìta, ló sì ń darí wọn. Ojú ọ̀nà yẹn ni àwọn tó ń kọ àpilẹ̀kọ ayédèrú tà fún owó gbà wọlé, tí ayédèrú olóòtú àti ayédèrú aṣàyẹ̀wò ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ara wọn. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n fagi lé ní 2023 ju 8,000 lọ, Wiley sì pa orúkọ Hindawi rẹ́ lẹ́yìn náà. Ìgbìmọ̀ wà lórí ìwé ní gbogbo jọ́nà wọ̀nyẹn o.

Nítorí náà, Olùkọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n kò ju ọ̀kan lọ: bí àpilẹ̀kọ nípa ilẹ̀ oko bá wọlé lónìí, ta ni yóò bójú tó o, ta ló sì ní àṣẹ láti kọ̀ ọ́?

Olùtọ́jú Ìwé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé-ìkàwé yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun kan sì wà tí n kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa. Àkójọ Beall tí Alàgbà dárúkọ wúlò, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń pinnu ẹni tó wọ inú rẹ̀, ó sì yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kìíní 2017. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ kiri bíi pé òfin ni. Àwọn jọ́nà wa nílé ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń ba lára jẹ́. Jọ́nà ẹ̀ka kan tí olùkọ́ mẹ́rin ń fi owó àpò ara wọn tẹ̀, tí ojúewé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí játijàti, tí ìdìpọ̀ rẹ̀ ń pẹ́ kó tó jáde nítorí ìyanṣẹ́lódì, kì í ṣe oníjìbìtì. Òṣì ló ń ṣe é. Àwọn AJOL (African Journals Online) tó wà ní Makhanda ní South Africa, tí wọ́n ti ń gbé jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1998, ní ètò kan tí wọ́n fi ń fún jọ́nà ní ìràwọ̀, láti òdo dé mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ ṣe hàn sí gbangba tó. Ẹ lè wò ó níbẹ̀.

DOAJ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, tún ní ìlànà tó ṣe é lò fún irú ìbéèrè yìí. Jọ́nà gbọ́dọ̀ fi orúkọ olóòtú àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ hàn pẹ̀lú ibi iṣẹ́ wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ dín ní márùn-ún. Àpilẹ̀kọ tí olóòtú, ọmọ ìgbìmọ̀ tàbí aṣàyẹ̀wò jọ́nà náà bá lọ́wọ́ nínú kíkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan lọ nínú ìdìpọ̀ kan. Ẹ mú ìdìpọ̀ méjì tó jáde kẹ́yìn, kí ẹ fi orúkọ àwọn òǹkọ̀wé wé orúkọ ìgbìmọ̀. Kò gba ju ìdajì wákàtí lọ, ó sì sàn ju kí a máa wo nọ́ńbà ISSN wọn, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà lè gbà, tí kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bí iṣẹ́ inú rẹ̀ ṣe dára sí.

Olùkọ́ Ilẹ̀-Oko

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Mo ṣe ohun tí Olùtọ́jú Ìwé ní kí n ṣe. Àwọn òǹkọ̀wé àti ìgbìmọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọnú ara wọn, àmọ́ mo rí ohun mìíràn: kò sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ náà tó mọ̀ nípa ilẹ̀ oko, síbẹ̀ àpilẹ̀kọ nípa ajílẹ̀ àti ilẹ̀ oníyọ̀ wà nínú ìdìpọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè tí Ọmọ Ìbàdàn kọ́ mi. Èsì wọn ni pé ọ́fíìsì ló ń yan aṣàyẹ̀wò, ọ́fíìsì náà ló sì ń fọwọ́ sí àpilẹ̀kọ, kí ọmọ ìgbìmọ̀ má baà ní ìdààmú. Ẹ dákun, bí mo bá wọlé, ṣé n kò lè ti inú tún un ṣe?

Alàgbà Olóòtú

Ìgbìmọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ní ohun tó lè dì mú lọ́wọ́. Ní 2015, àwọn olóòtú mẹ́fà àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ 31 tó ń ṣe Lingua, jọ́nà àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Elsevier, kọ̀wé fipò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ọ̀rọ̀ owó ìtẹ̀jáde àti ẹni tó ni jọ́nà, wọ́n sì lọ dá jọ́nà tuntun, Glossa, sílẹ̀. Ní 2023, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní NeuroImage, jọ́nà nípa àwòrán ọpọlọ lọ́dọ̀ Elsevier yìí kan náà, níbi tí olóòtú tó lé ní ogójì ti kúrò nítorí owó $3,450 tí wọ́n ń gbà lórí àpilẹ̀kọ kan. Ohun tó mú kí kíkúrò wọn dun àwọn tó ni jọ́nà ni pé àwọn gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò, kò sí ẹni tí yóò yẹ àpilẹ̀kọ wò. Ní ibi tí wọ́n pè yín sí yìí, bí gbogbo ìgbìmọ̀ bá kúrò lọ́la, ọ́fíìsì yóò ṣì máa fọwọ́ sí àpilẹ̀kọ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. N kò rò pé ẹ lè ti inú tún ohun tí wọn kò fi lé yín lọ́wọ́ ṣe.

Bó bá jẹ́ ti ìgbéga, ẹ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣàyẹ̀wò ní jọ́nà tó ń tẹ iṣẹ́ ilẹ̀ oko. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣe é fi hàn, jọ́nà púpọ̀ sì wà tó lè fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ojúewé ORCID yín, níbi tí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ onímọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń yan àwọn tí wọ́n ń pè sínú ìgbìmọ̀.

Olùtọ́jú Ìwé

Kí n fi èyí kún un. Bí ẹ bá ti fi àwòrán àti ìtàn iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí wọn, ẹ kọ̀wé pé ẹ kò gba ipò náà, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà lọ wo ojúewé ìgbìmọ̀ wọn. Bí orúkọ yín bá wà níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwádìí ní yunifásítì yín, kí ó ti wà nínú fáìlì kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.