Magewappa: ṣé àpótí ni, àbí ọpọ́n?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe magewappa, abọ́ igi àwọn ará Jàpáànù tí wọ́n sábà máa ń gbé oúnjẹ sí, ní «àpótí oúnjẹ», mo kí yín o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ ọ́. Àpótí nílé wa, pákó àti ìṣó ni, tàbí èyí tí a ń jókòó lé nídìí ààrò. Magewappa ò ní ìṣó kankan. Ẹni tó fèsì pé «ọpọ́n» ni náà ṣì í: ọpọ́n, gbígbẹ́ là ń gbẹ́ ẹ jáde lára ìtì igi. Ta ló ń gbẹ́ magewappa?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Odate, ní agbègbè Akita, tí ìjọba wọn kà mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ní 1980. Igi sugi ni wọ́n ń là ní pẹlẹbẹ, wọ́n á rì í sómi gbígbóná títí á fi rọ̀, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ ká. Tó bá gbẹ, èèpo igi ṣẹ́rì ni wọ́n fi ń rán etí rẹ̀ pọ̀. Orúkọ náà gan-an ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: «mage» ni títẹ̀, «wappa» ni ohun tó rí bí òrùka.

Èmi fúnra mi ti kọ́kọ́ dá «àtẹ̀rán» sílẹ̀. Mo fi àwòrán rẹ̀ han ìyá mi, mo sọ orúkọ náà, wọ́n ní, «Ta ló fọ́ ọ?» Ó tán! Ṣebí igbá tó fọ́ ní í gba kasẹ létí. Lọ́dọ̀ tiwa, rírán ń sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ rí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ojú ibi tí wọ́n rán yẹn lẹwà rẹ̀ wà.

Mo ti yọ «rán» kúrò. «Igbá àtẹ̀ká» ni mo fara mọ́ báyìí. Ẹ má wí fún mi pé igbá kì í ṣe igi, ṣebí a ti ń pe tike náà ní igbá lọ́jà. Èyí tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ sì ní ọmọrí bíi ti igbá ọlọ́mọrí. Ìrẹsì inú rẹ̀ kì í làágùn, nítorí igi tí wọn ò kùn ní nǹkan kan ló ń mu omi ooru rẹ̀.

Ti urushi tí wọ́n fi ń kun àwọn abọ́ igi mìíràn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀dà. Oje igi ni, ọ̀rinrin ló sì ń mú un le, kì í ṣe oòrùn. «Oje» ti tó o.